Orí Karùn-ún: Ìgboro àti Ìgbèríko nínú Ìwé Ìkànìyàn — Ẹ̀kọ́ láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àfojúsùn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí ìjọba àti àwọn onímọ̀ ń gbà pín ibùgbé sí ìgboro àti ìgbèríko;
2. sọ bí gbèdéke iye ènìyàn ṣe yí padà láti ìkànìyàn 1952/53 sí ti 1963;
3. fi ìlànà tó ju ẹyọ kan lọ yẹ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wò;
4. bi iye tí wọ́n bá gbé jáde ní ìbéèrè kí ó tó gbà á gbọ́.

5.1 Ìfáárà

Òṣòdì ní Èkó ni rélùwéè, Agége Motor Road àti ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá ti pàdé. Láti ìdájí ni àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ti ń pe Múṣin, Ìyànà-Ìpájà àti Mile 2 níbẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú pátápátá kí ẹsẹ̀ tó dín. Ní Ìsọlọ̀, ilé fara ti ilé láti Òkè-Afá títí dé Ìlasamájà, kò sí àyè oko láàárín. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbàlagbà wà láàyè tí wọ́n mọ ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ abúlé, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ síbi tí ilé alájà mẹ́rin wà lónìí.

Ọjọ́ wo wá ni Òṣòdì kúrò ní oko tó di ìgboro? Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè yìí láìkọ́kọ́ sọ ohun tó ń pè ní ìgboro. Ohun mẹ́ta ló lè sọ abúlé di ìgboro nínú ìwé ìkànìyàn. Èkíní, ènìyàn lè pọ̀ sí i. Èkejì, ìjọba lè yí ìtumọ̀ padà. Ẹ̀kẹta, ààlà lè sún. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò máa rò pé gbogbo iye tó bá gòkè nínú ìwé, ènìyàn tuntun ni. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni kókó orí yìí.

5.2 Ìtumọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀: Èkó láti 1866 sí 1917

Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà tó di 1866, wọ́n ka ènìyàn inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì bá 25,083. Wọ́n tún ka á ní 1871, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kà á ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá títí di 1931. Ní 1911, iye náà ti di 73,766. Ní 1931, ó ti di 126,108.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe iye ènìyàn ni ìjọba fi ń mọ ìlú ńlá. Òfin ni. Ní 1917, lábẹ́ Gómìnà-Àgbà Lugard, wọ́n ṣe Òfin Ìlú tó pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipò mẹ́ta. Èkó nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ipò kìíní. Kánò, Kàdúná àti àwọn mìíràn wà ní ipò kejì. Ìlú tó kéré wà ní ipò kẹta.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1921, Ìbàdàn ní 238,094, Èkó kò sì pé 100,000. Ìlú tó ju Èkó lọ ní ìlọ́po méjì ni òfin fi sí abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìjọba ìlú òyìnbó fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí èbúté àti ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ni òfin ń wò. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ipò tí ìwé fún ìlú lè yàtọ̀ pátápátá sí bí ìlú náà ṣe tóbi tó.

5.3 Gbèdéke 5,000: ìkànìyàn 1952/53

Ìkànìyàn tó tẹ̀lé ti 1931 pẹ́ kó tó wáyé, nítorí Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí wọ́n ka ènìyàn ní 1941. Nígbà tí wọ́n sì máa ṣe é, wọn kò ṣe é pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ka Èkó ní 1950, wọ́n ka Àríwá ní 1952, wọ́n ka Ìwọ̀-Oòrùn láàárín 1952 sí 1953, wọ́n sì ka Ìlà-Oòrùn ní 1953. Ìgbà yìí ni gbèdéke iye wọlé: ibùgbé tí ilé rẹ̀ so mọ́ra, tí ènìyàn inú rẹ̀ sì tó 5,000, ìgboro ni.

Gbèdéke yìí gbé ilẹ̀ Yorùbá yọ láàárín gbogbo Áfíríkà. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá nìyí:

- Ìbàdàn: 459,196
- Ògbómọ̀ṣọ́: 139,535
- Òṣogbo: 122,728
- Ilé-Ifẹ̀: 110,790
- Ìwó: 100,006
- Abẹ́òkúta: 84,451

Ní Ìwọ̀-Oòrùn lápapọ̀, àwọn tó ń gbé nínú ibùgbé tó tó 5,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Èyí ya àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́nu, nítorí wọ́n gbà pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń bí ìlú ńlá. Ní 1955, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje gbé ìwé ńlá jáde ní 1968 lórí ìdàgbàsókè àwọn ìlú Nàìjíríà, ó sì fi yé ayé pé ìlú Yorùbá ti wà kí òyìnbó tó dé, pé ọba, ọjà, òwò àti ogun ló kó ènìyàn jọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí gbèdéke 5,000 kò lè yanjú. Ẹ jẹ́ ká wo àgbẹ̀ kan ní Ìwó ní àkókò náà. Ilé bàbá rẹ̀ wà nínú agboolé nígboro. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ibẹ̀ ni yóò ti ṣe ìyàwó, ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí. Ṣùgbọ́n ó ní aba lóko kòkó, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kó tó wálé fún ọdún tàbí ìpàdé ẹbí. Bí akànìyàn bá bá a ní aba, ará ìgbèríko ni. Bí ó bá bá a nílé nígbà ọdún, ará ìgboro ni. Ọkùnrin kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àgbẹ̀ sì ni níbi méjèèjì. Gbèdéke iye lè sọ iye orí tó wà lójú kan. Kò lè sọ iṣẹ́ tí orí náà ń ṣe, kò sì lè sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

5.4 Gbèdéke 20,000: ìkànìyàn 1963 àti èyí tó tẹ̀lé e

Lẹ́yìn òmìnira, iye ènìyàn di ọ̀ràn ìṣèlú ńlá, nítorí òun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ní ilé aṣòfin. Wọ́n ka ènìyàn ní 1962, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní oṣù kọkànlá 1963, wọ́n sì kéde nǹkan bí 55.7 mílíọ̀nù. Ìkànìyàn 1963 yìí ni wọ́n ti gbé gbèdéke ìgboro sókè láti 5,000 sí 20,000. Wọ́n ka ènìyàn ní 1973, ìjọba Murtala Muhammed sì fagi lé e ní 1975. Ó wá di 1991 kí wọ́n tó ní òmíràn tó dúró, ó sì jẹ́ nǹkan bí 89 mílíọ̀nù. Gbèdéke 20,000 náà ni wọ́n ṣì ń lò.

Ohun tí ìyípadà yìí ṣe hàn kedere. Ìlú tó ní ènìyàn 12,000 ní 1952 wà lára ìgboro. Ká ní ènìyàn rẹ̀ di 18,000 ní 1963, ó ti fi ìdajì iye rẹ̀ àtijọ́ lé e, síbẹ̀ ó di ìgbèríko nínú ìwé. Ìlú náà dàgbà, orúkọ rẹ̀ rẹlẹ̀.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gbé iye 1952 tí wọ́n fi 5,000 wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ iye 1963 tí wọ́n fi 20,000 wọ̀n. Òṣùwọ̀n kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi wọn gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi 20,000 wọn ìkànìyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti 1952/53, ti 1963 àti ti 1991, ohun tí a óò rí ni pé:

- ní 1952/53, nǹkan bí ìlú 56 ló tó gbèdéke, ìdá 11 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé inú wọn;
- ní 1963, nǹkan bí ìlú 185, ìdá 19 nínú 100;
- ní 1991, nǹkan bí ìlú 359, ìdá 36 nínú 100.

Báyìí ni a ṣe lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé ìgboro ń gbòòrò lóòótọ́, pé kì í ṣe ìtumọ̀ ló ń yí.

5.5 Nígbà tí ààlà bá sún: Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ní 1954, wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó di ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ààlà Èkó yẹn kéré. Múṣin, Òṣòdì, Ìsọlọ̀, Ìkẹjà àti Agége kò sí nínú rẹ̀. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń gbé Òṣòdì, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta lójoojúmọ́, ará Èkó ni lójú ara rẹ̀ àti lójú ìyàwó rẹ̀. Nínú ìwé, kì í ṣe ará Èkó.

Ìkànìyàn 1963 fi èyí hàn gbangba. Iye tí wọ́n kọ fún ìlú Èkó ni 665,246. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn àdúgbò tó ti so mọ́ ọn kún un, iye náà ju mílíọ̀nù kan lọ. Láàárín iye méjèèjì, àwọn ènìyàn tó lé ní 400,000 ló wà tí wọ́n ń jẹ Èkó, tí wọ́n ń mu Èkó, tí ìwé kò sì kà mọ́ Èkó. Ìbàdàn ní 627,379 lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú tó tóbi jù láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ààlà tí ó ń lò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ di ara Èkó lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹnì kan tó kó ẹrù. Ìjọba ìbílẹ̀ Múṣin ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yọ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ jáde lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ wá kún lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ bíi Aswani gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì ni ọjà aṣọ tí wọ́n ń ná níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń jẹ́ títí dòní. Ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1970 ṣí ilẹ̀ tó wà lápá méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, láti 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé fún àwọn mẹ̀kúnnù sí Òkè-Afá. Àwọn tó ń wá ilẹ̀ tó ṣì dínwó sì kọ́lé wọ inú àbàtà Okota. Abúlé tó dá dúró tẹ́lẹ̀, Máfolúkù, Ṣógúnlé, Èjìgbò, Ìlasamájà, dàpọ̀ mọ́ ara wọn débi pé ojú ọ̀nà tàbí odò kékeré nìkan ló pààlà wọn.

Ìdàpọ̀ yìí ló jẹ́ ká rí ewu kan nínú gbèdéke 20,000. Ká ní akànìyàn gbà pé abúlé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ibùgbé tirẹ̀, tí ó sì bá ènìyàn 15,000 nínú ọ̀kan nínú wọn. Àdúgbò tí kò ní oko kan ṣoṣo, tó wà láàárín Èkó, yóò di ìgbèríko nínú ìwé. Bí ó bá sì dà á pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ìgboro. Ibi tí a fa ìlà sí ló pinnu rẹ̀.

5.6 Àyẹ̀wò: iye méjì, ìdáhùn kan

Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè, NPC, ka gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2006. Iye tó kéde fún Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni 621,509. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní ọdún kan náà, iye tó sì kéde fún ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni 1,134,548. Fún gbogbo ìpínlẹ̀, NPC ní ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìpínlẹ̀ ní ó lé ní mílíọ̀nù 17. Àríyànjiyàn yìí kò parí, ó sì ń kan owó tí ń wọlé sí ìpínlẹ̀, nítorí iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpò àpapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye méjèèjì ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 45 níbùú-lóròó.

*Ìṣirò kìíní (iye NPC):* 621,509 ÷ 45 = nǹkan bí ènìyàn 13,811 nínú kìlómítà kan níbùú-lóròó.

*Ìṣirò kejì (iye ìpínlẹ̀):* 1,134,548 ÷ 45 = nǹkan bí ènìyàn 25,212.

Ní oṣù kẹta 2020, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tuntun kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè jùmọ̀ lò. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan níbùú-lóròó. Níbi tí àwọn onígun mẹ́rin tó so mọ́ra bá ní ó kéré tán ènìyàn 1,500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì tó 50,000, ìlú ńlá ni. Tí ó bá jẹ́ 300 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ sì tó 5,000, ìlú kékeré ni. Èyí tó kù jẹ́ ìgbèríko.

Iye ìpínlẹ̀ fi ohun tó lé ní 500,000 ju ti NPC lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kéré nínú wọn gan-an ju 1,500 lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí ìbéèrè wa bá jẹ́ "ṣé ìgboro ni?", ìdáhùn kan náà ni iye méjèèjì fún wa. Bí ìbéèrè wa bá jẹ́ "ilé ìwé mélòó ló yẹ kí ibẹ̀ ní?", ìyàtọ̀ náà tó ohun tí ọmọdé yóò fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì. Ìtumọ̀ ìgboro kò lè rọ́pò ìkànìyàn tó péye.

5.7 Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é

Àwọn orílẹ̀-èdè kò fẹnu kò lórí gbèdéke. Ní Denmark, ènìyàn 200 tí ilé wọn so mọ́ra ti di ìgboro. Ní Gánà, 5,000 ni. Ní Amẹ́ríkà, 2,500 ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ìkànìyàn 2020, wọ́n gbé e sókè sí 5,000, tàbí ilé 2,000. Àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà kan di ìgbèríko bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní Nàìjíríà ní 1963.

Íńdíà gba ọ̀nà mìíràn láti 1961. Yàtọ̀ sí ibi tí òfin ti pè ní ìlú, ibùgbé gbọ́dọ̀ ní ènìyàn 5,000, ó gbọ́dọ̀ ní 400 nínú kìlómítà kan níbùú-lóròó, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìlànà yìí wo ilẹ̀ Yorùbá ní 1952, ọ̀pọ̀ ìlú tí àgbẹ̀ kún inú rẹ̀ ì bá já sí abúlé, ọba aládé tó wà lórí ìtẹ́ ibẹ̀ ì báà ti pẹ́ tó. Kò yẹ kí a fi ojú ilé ẹlòmíràn nìkan wo ilé wa.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé láti nǹkan bí 2007 ni àwọn ará ìgboro ti ju ará ìgbèríko lọ ní gbogbo ayé, kí a rántí pé ìtumọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó jọ láti rí i: 200 Denmark àti 20,000 Nàìjíríà wà nínú àpò kan.

5.8 Ibi tí wọ́n bá ọ lọ́jọ́ ìkànìyàn

Ìlànà Nàìjíríà ní 1991 àti 2006 ni pé kí wọ́n ka ènìyàn síbi tí wọ́n bá a. Ní ilé oníyàrá tó dojú kọra ní Máfolúkù, akànìyàn lè kan ilẹ̀kùn mẹ́wàá kó bá ènìyàn nínú márùn-ún: ẹnì kan wà lọ́jà, ẹnì kan ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ní Àpápá, awakọ̀ kan sì wà lójú ọ̀nà. Bí akànìyàn kò bá padà wá, wọ́n sọnù nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn máa ń fi Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkànìyàn kí wọ́n lè kà wọ́n ní ìlú baba wọn. Ìfẹ́ ilé ló ń gbé wọn lọ, kò sì burú láti fẹ́ràn ilé. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń mu, gọ́tà tó ń kún lẹ́nu ọ̀nà wọn, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn lọ, Ìsọlọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá lọ fi orí rẹ̀ kún iye ibòmíràn ti mú un kúrò lára iye tí wọ́n fẹ́ fi ṣètò ibi tó ń gbé.

Ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023 ni wọ́n sún síwájú. Láti 2006 ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti ń lo iye àtijọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn sì ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò. Ìṣètò ìlú kò lè dára ju iye tó gbé e ró lọ.

5.9 Àkótán

- Ìtumọ̀ ìgboro ní Nàìjíríà ti gba orí òfin kọjá (1917), ó gba orí 5,000 (1952/53), ó sì dé orí 20,000 (láti 1963).
- Iye ìgboro lè gòkè tàbí kó wálẹ̀ nítorí ènìyàn, nítorí ìtumọ̀, tàbí nítorí ààlà.
- Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ di ara Èkó nínú ìwé ní 1967; nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ti jẹ́ ará Èkó ṣáájú.
- Ẹnikẹ́ni tó bá gbé iye ìgboro jáde gbọ́dọ̀ sọ gbèdéke, ààlà àti ọjọ́ tí ó lò. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí nìdí tí kò fi tọ́ láti gbé iye ìgboro 1952 tí wọ́n fi 5,000 wọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1963?
2. Ìlú kan ní ènìyàn 16,000, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 8 níbùú-lóròó. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Ṣé ìgboro ni lábẹ́ ìlànà (a) 1952/53, (b) 1963, (d) Íńdíà, (e) ìlànà tuntun 2020? Ṣe ìṣirò rẹ.
3. Lo iye 665,246 àti iye tó ju mílíọ̀nù kan lọ láti ṣàlàyé ohun tí ààlà ń ṣe sí iye ènìyàn ìlú.
4. *Iṣẹ́ òde:* Bi àgbàlagbà méjì ní àdúgbò rẹ ní ohun tí wọ́n rántí pé ó wà níbẹ̀ nígbà èwe wọn: oko, odò, ilé iṣẹ́ tàbí ilé gbígbé. Ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà nígbà náà àti nísinsìnyí, kí o sì sọ ọdún tí ìwọ fúnra rẹ gbà pé ó di ìgboro, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí o lò.